Wáì-fáì 2.4 GHz àbí 5 GHz: èwo ni kí o so laptop rẹ mọ́?

Ọ̀nà ìgbì rédíò méjì ni 2.4 GHz àti 5 GHz, tí router (àpótí tó ń pín Wáì-fáì) fi ń bá laptop sọ̀rọ̀. 2.4 GHz ń rìn jìnnà, ó sì ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá ju 5 GHz lọ. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà rẹ̀ há: router àwọn aládùúgbò, Bluetooth àti microwave, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà. Bó bá ń já, ṣí ètò router, fi fífẹ̀ channel (ọ̀nà kékeré tí router ń lò nínú 2.4 GHz) sí 20 MHz, kí o yan channel 1, 6 tàbí 11, èyí tí àwọn aládùúgbò kò lò púpọ̀. Àwọn mẹ́ta yìí kì í gun orí ara wọn.

5 GHz yára jù ú lọ, àmọ́ ògiri méjì lè dá a dúró. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá hàn lórí laptop àtijọ́, má tíì dá router lẹ́bi: káàdì Wáì-fáì 802.11b/g (irú àtijọ́ tó ń lo 2.4 GHz nìkan) kò lè rí i láéláé. Ra adapter USB (káàdì Wáì-fáì tí a ń kì bọ ihò USB) tó ń gba 2.4 GHz àti 5 GHz. Nínú yàrá tí router wà, 5 GHz ni kí o lò.