"Is" àbí "tá": èwo ni ká lò nínú èdè Gaelic ti ilẹ̀ Ireland?

Ẹni tó bá ń kọ́ èdè yìí kì í pẹ́ kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àwa tá a ní "ni" àti "wà" nílé, kò yẹ kó rú wa lójú jù.

"Is" ló ń sọ ohun téèyàn jẹ́: *Is múinteoir mé*, olùkọ́ ni mí. Ẹ wò ó, "olùkọ́" ló ṣáájú "mí" nínú tiwọn àti tiwa! "Tá" ló ń sọ bí ara ṣe rí tàbí ibi téèyàn wà: *Tá mé tinn*, ara mi ò yá. Inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí "dúró" ló ti ṣẹ̀ wá. *Tha* ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Scotland.

Ní ti ìrọ̀rùn, "tá" ń yí padà púpọ̀: *bhí* fún àná, *beidh* fún ọ̀la. Ìyípadà "is" kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ló ń dá akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Wọ́n á ní *Tá mé múinteoir*, àṣìṣe gbáà. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ lo "tá", *Tá mé i mo mhúinteoir* ni, bí ẹni pé "mo wà nínú olùkọ́ mi".

Ìwé tẹ́ ẹ yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ńkọ́? *Tá leabhar agam*: ìwé kan wà lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ owó yín lẹ fi rà á, *Is liom an leabhar*: èmi ni mo ni ín.