Pọ́ǹpù fákúùmù ọlọ́wọ́: gééjì rẹ̀ ló tó owó tí wọ́n ń tà á

Irinṣẹ́ tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì ni wọ́n máa ń kọ sára àpótí pọ́ǹpù yìí. Nínú àpótí náà, ẹ óò rí pọ́ǹpù tó rí bí ìbọn ìléwọ́, gééjì tó ń ka fákúùmù (agbára tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde) láti 0 dé 30 inHg, ìyẹn ìnṣì mẹ́kúrì, họ́ọ̀sì rọ́bà, ike kékeré tí ọ́ìlì bíréèkì yóò máa dà sí, àti àwọn ìsopọ̀ rọ́bà ńlá àti kékeré. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ sára àpótí yẹn, ìwọ̀nba ló mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí tí wọn kò pariwo ló mọ̀ ọ́n ṣe jù: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó lè sọ fún yín bóyá búsítà, ìyẹn agolo ńlá tó ń fi fákúùmù ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ lórí bíréèkì, ló jẹ́ kí bíréèkì ọkọ̀ àtijọ́ le bí òkúta, tàbí kí ẹ wá ẹlòmíì mú.

Kí ẹ tó gbé e dé ìdí ọkọ̀, òun gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi ìka dí ẹnu họ́ọ̀sì, ẹ fà á dé 25 inHg, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ọwọ́ gééjì fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, pọ́ǹpù ló ń jò, ẹ má tíì fẹ̀sùn kan búsítà ẹnikẹ́ni. Àwọn oníke ló máa ń ní àìsàn yìí jù. Ibi tí họ́ọ̀sì ti wọlé sí wọn lára a máa sán, rọ́bà inú wọn a sì gbẹ. Onírin tí rọ́bà rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ ni ká rà, bó tilẹ̀ wúwo lọ́wọ́. Gírísì silíkónì díẹ̀ lára rọ́bà náà yóò jẹ́ kó pẹ́.

Ìdánwò àkọ́kọ́ lára ọkọ̀ kò tilẹ̀ ná yín ní nǹkan kan. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀mẹfà títí yóò fi le, ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ wá ṣáná sí ọkọ̀. Bí búsítà bá ń ṣiṣẹ́, pẹ́dà yóò rọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá mira rárá, ìgbà náà ni kí ẹ mú pọ́ǹpù, torí nǹkan mẹ́ta ló lè fà á, owó àtúnṣe wọn kò sì jọra: ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kò fa fákúùmù tó, ó lè jẹ́ fáàfù kékeré tó wà lẹ́nu búsítà, tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde láìjẹ́ kó padà, ó sì lè jẹ́ pé rọ́bà inú búsítà ti ya.

Ti ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fi ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta so gééjì mọ́ họ́ọ̀sì tó ti ẹ́ńjìnnì lọ sí búsítà. Ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù tí ara rẹ̀ dá, tó ti gbóná, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ ná rẹ̀, sábà máa ń fa 17 sí 22 inHg ní ibi tó tẹ́jú nítòsí òkun. Tí ẹ bá wà lórí òkè, ẹ yọ nǹkan bí 1 inHg fún mítà 300 kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí 11 tàbí 12, ẹ má tíì ra búsítà. Họ́ọ̀sì tó sán, gásíkẹ́ẹ̀tì máníifóòdù (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) tó ń jò, tàbí táímìn ẹ́ńjìnnì tó yẹ̀ ni kí ẹ wá lọ. Àwọn onídíísù ńkọ́? Máníifóòdù tiwọn kì í fa irú fákúùmù yìí. Pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń ṣe é, ẹnu pọ́ǹpù yẹn sì ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n.

Fáàfù ló kàn. Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu búsítà, kí ẹ sì fi pọ́ǹpù fà á ní ẹnu méjèèjì. Ní ẹnu tó kọjú sí búsítà, ọwọ́ gééjì gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Ní ẹnu tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì, kò gbọdọ̀ dúró rárá, torí afẹ́fẹ́ ní láti gba ibẹ̀ jáde. Ẹ wo rọ́bà róbótó tí fáàfù náà jókòó sí pẹ̀lú. Bó bá ti gan bí igi, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ohun kékeré ni méjèèjì, àwọn ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ búsítà tí kò bàjẹ́ nù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fa búsítà fúnra rẹ̀ dé 20 inHg. Ikùn rẹ̀ tóbi, ọwọ́ yóò ro yín kó tó débẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹnìkan wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá 30 mìíràn. Ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kejì yìí ṣe pàtàkì, torí búsítà kan lè dákẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́, kó sì máa jò gbàrà tí ẹsẹ̀ bá kàn án. Ọwọ́ gééjì a kọ́kọ́ mì díẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn kò burú. Kó máa sọ̀ kalẹ̀ láìdúró ló burú. Bí ẹ bá sì rí ọ́ìlì bíréèkì nínú họ́ọ̀sì fákúùmù, rọ́bà ẹ̀yìn másítà (sílíńdà tí pẹ́dà fi ń ti ọ́ìlì lọ sí bíréèkì táyà) ló ti jẹ, ó ń tu ọ́ìlì sínú búsítà. Bí ọ́ìlì ṣe máa ń dín kù nínú ike orí másítà láìsí pé ẹ rí ẹ̀kán kan nílẹ̀ nìyẹn.

Fún iṣẹ́ yìí, kò sí ohun tí a fẹ́ bá pọ́ǹpù náà jà lé lórí. Títú afẹ́fẹ́ jáde ni ìjà wà.

Bí ẹ bá so ó mọ́ nípù (ẹnu kékeré tí a ń tú kí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ lè jáde) ẹ̀yìn kálípà, ìyẹn ohun tó ń fún díìsì bíréèkì mọ́, tí ẹ sì tú nípù díẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta yóò máa gba ojú síkúrù nípù wọlé. Ẹ óò máa rí ìfóófòó nínú họ́ọ̀sì títí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan mọ́ nínú páìpù. Gírísì silíkónì yí ìdí nípù ká máa ń dín in kù, kì í pa á tán. Lára ọkọ̀ àtijọ́ tó ní bíréèkì dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tún burú sí i: a ṣe rọ́bà inú sílíńdà ẹ̀yìn láti dí ohun tó ń ti inú tì í, kì í ṣe ohun tó ń fà á. Fákúùmù tó pọ̀ lè fa afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, kí pẹ́dà tiẹ̀ rọ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má kọjá 10 sí 15 inHg níbẹ̀. Ike ọ́ìlì rẹ̀ kéré. Bó bá kún tí ẹ kò tètè dà á nù, ọ́ìlì a wọ inú pọ́ǹpù, ó sì parí. Ike másítà pẹ̀lú a máa tètè gbẹ, bó bá sì gbẹ, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni méjì, ìkan ń tẹ̀, ìkan ń tú, ṣì ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa jù ú lọ. Ẹ kàn fi pákó sábẹ́ pẹ́dà kó má baà kanlẹ̀. Ìpẹta máa ń wà ní ìsàlẹ̀ inú másítà tó ti gbó, níbi tí rọ́bà kì í dé lójoojúmọ́, ó sì máa ń fa rọ́bà ya.

Ohun tí gééjì náà kò lè sọ fún yín tún wà. Bí pẹ́dà bá ń rọra wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ tó dúró sójú kan, tí ọ́ìlì kò sì jò síbì kankan, inú másítà ni ẹ ó wò: ẹ fi irin onísíkúrù dí ẹnu páìpù rẹ̀ (ìwọ̀n síkúrù M10 x 1.0 ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n), bó bá ṣì ń wọlẹ̀, òun ni. Bí pẹ́dà bá ga sí i nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ lọ sún ṣúù ẹ̀yìn (irin inú dúrọ́ọ̀mù tó ń fọwọ́ kàn án láti dá táyà dúró) súnmọ́ dúrọ́ọ̀mù. Bí táyà kan bá ń há lẹ́yìn tí ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ lé orí sítáǹdì, kì í ṣe jáàkì nìkan, kí ẹ tú ojú páìpù irin níbi tó ti wọ họ́ọ̀sì. Bí táyà bá yí, láti òkè ni ẹ̀ṣẹ̀ ti wá. Bó bá jẹ́ nípù nìkan ló tú u sílẹ̀, họ́ọ̀sì ti wú dí nínú. Bí nípù náà kò bá tú u sílẹ̀, kálípà ló há.

Ọkọ̀ tí kò ní búsítà, tàbí tí ọ́ìlì sítíárìn ń ran bíréèkì rẹ̀ lọ́wọ́, kò nílò pọ́ǹpù yìí. Fún ìyókù, ẹ ra onírin, ẹ ra rọ́bà inú rẹ̀ kan sí i lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì ju ike ọ́ìlì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí.