Ẹ ṣọ́ra fún gìtá tòkunbọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ okùn ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra gìtá lórí Facebook àti WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá kan wà tó ń tà á l'Ékòó, fọ́tò ẹ̀ máa ń dán gbinrin, á ní okùn tuntun lòun fi sí i. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Gìtá classical tó yẹ kó lo okùn náílọ́ọ̀nù ló máa ń tú, á wá fi okùn irin sí i torí ó máa ń dún gooro nínú fídíò.

Ojú gìtá yẹn, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bíi mílímítà 2 sí 3 péré, àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀ nínú, tá à ń pè ní brace, ló ń gbé e ró. Ti gìtá okùn irin, méjì tó nípọn jù máa ń dábùú ara wọn bíi X, ilé-iṣẹ́ gìtá Martin l'Amẹ́ríkà ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ látàwọn ọdún 1840. Ti classical, irú èyí tí Torres, ọ̀gá kan tó ń ṣe gìtá, sọ di olókìkí ní Sípéènì, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sì tàn ká bí abẹ̀bẹ̀, torí tí wọ́n bá nípọn jù, náílọ́ọ̀nù ò ní lágbára láti mi ojú gìtá yẹn, ohùn ẹ̀ á kú. Okùn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè fà tó kílò 70, náílọ́ọ̀nù ò ju nǹkan bíi 40 lọ. Báwo ni brace yẹn ṣe fẹ́ gbà á?

Àbúrò wa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì rà á lọ́wọ́ ẹ̀, kò pẹ́ tójú gìtá fi wú lẹ́yìn bírìjì, ìyẹn pákó kékeré tí wọ́n so okùn mọ́ lójú gìtá, ẹ̀gbẹ́ ihò ojú gìtá rì wọlé, okùn wá ga débi pé ìka ọmọ yẹn ń bó, nígbà tó yá bírìjì ṣí kúrò pátápátá. Ó pe bọ̀ọ̀dá yìí, ó ti blọ́ọ̀kù ẹ̀. Ó dùn mí gan-an, owó tọ́mọ yẹn fi oṣù bíi mélòó kan tù jọ ni.

Ẹ wo bírìjì dáadáa: tó bá jẹ́ ṣe ni wọ́n ń ta okùn ní kókó síbẹ̀, tí ò sí pín-ìn-nì kankan, ìyẹn èèkàn kékeré tó ń di okùn mú, tí orí gìtá sì ní ojúhò gígùn méjì, classical ni o, ohun yòówù kó pè é. Ẹ ní kó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù àti dígí kékeré ṣe fídíò inú ẹ̀, kẹ́ ẹ rí X yẹn láàárín ihò àti bírìjì. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ fi ìka kan ojú ẹ̀ yíká, tó bá ń gbọ̀n rìrì níbì kan, brace ti ṣí níbẹ̀. Tó bá lóun ò lè ṣe fídíò, ẹ má sanwó.

Ẹni tó bá sì ti ní irú ẹ̀ nílé, ẹ dẹ okùn irin yẹn lónìí, ẹ ra náílọ́ọ̀nù sí i, tí brace ò bá tíì ṣí ó ṣì lè dún dáadáa.