Ṣẹ́ẹ̀sì eegun àtijọ́ ní Mọ́kọ́lá: ọjà gidi ni, ẹ ṣáà lajú yín

Bàbá tó ń ta ohun àtijọ́ ní Mọ́kọ́lá yìí, ẹnu wọn dùn. Wọ́n ní eyín erin ni ṣẹ́ẹ̀sì (chess, ayò orí pátákó tó ní ọba àti ayaba) tí mo mú dání. Irọ́ ni o! Mo gbé ọba funfun sí oòrùn, mo rí àmì dúdú wínníwínní lára rẹ̀: ojú ihò tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nígbà tí ẹran ṣì wà láàyè. Eegun nìyẹn. Ilà tó ń dábùú ara wọn leyín erin máa ń ní. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o mọjà," wọ́n sì gé owó fún mi.

Irú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní barleycorn (hóró ọkà báálì) ni, apá kan funfun, èkejì pupa. Ewé ọkà tí wọ́n gbẹ́ yí ọba ká ṣì mọ́ kedere. Abala abala ni wọ́n fi ń ṣe ọba, wọ́n á wá lọ́ wọn mọ́ra bí ìdérí ìgò. Ẹ tú u wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ayaba pupa tèmi ń mì. Kò ní pátákó o, ẹ ra tiyín lọ́tọ̀.