Mazda MX-5 àtijọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ọkọ̀ mánúwà l'Ájàṣẹ́

Bí ẹ bá ti ní permis (ìwé àṣẹ ìwakọ̀), tó sì jẹ́ pé ọ̀tọ̀mátíìkì nìkan lẹ mọ̀ ọ́n wà, ẹ lọ bá bàbá tó ń fi Mazda pupa kékeré kọ́ èèyàn ní mánúwà, èyí tí èèyàn ń fọwọ́ yí jíà ẹ̀, lápá Ouando l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo). 5,000 sẹ́fà ló ń gbà fún wákàtí kan. Ó wọ́n, mo mọ̀. Owó tí mo san ní auto-école (ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀) kan tẹ́lẹ̀ (n ò ní dárúkọ wọn) kò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń so ẹńjìnnì mọ́ jíà, tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀) ọkọ̀ tiwọn ti jẹ tán. Ẹ ó gbé ẹsẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí ẹ̀ kó tó mú, olùkọ́ á sì máa bá yín tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ ohun tí ẹsẹ̀ òun ń ṣe níbẹ̀?

Aṣọ ni mò ń tà. Bọ́ọ̀sì Toyota HiAce onídísẹ́ẹ̀lì kan ni mo fẹ́ rà, tí màá máa fi kó ẹrù láti Ìgòlò létí ibodè Nàìjíríà, mánúwà sì ni. Nígbà tí ẹnìkan ní kí n lọ bá bàbá tó ń fi ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì kọ́ni, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Abiyamọ bíi tèmi nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń ká orí ẹ̀ sẹ́yìn! Ọkọ mi ní òun á bá mi lọ. Ìjókòó méjì péré ló wà níbẹ̀, kò rí àyè. Mi ò bá a banú jẹ́.

Irú MX-5 àkọ́kọ́ ni, èyí tí iná iwájú ẹ̀ máa ń yọjú sókè bí ẹ bá tàn án. Mazda ti ń ṣe MX-5 láti 1989, àpapọ̀ gbogbo irú ẹ̀ sì ti kọjá mílíọ̀nù kan báyìí, nítorí náà kì í ṣe nǹkan àjèjì tí ẹ ò ní rí ohun èlò ẹ̀ rà. Ti bàbá gba èbúté Kùtọnu wọlé láti Yúróòpù. Ó fúyẹ́, kò tó tọ́ọ̀nù kan, ẹńjìnnì ẹ̀ ò sì ju lítà 1.6 lọ. Ọ̀pá jíà ẹ̀ kúrú. Ọrùn ọwọ́ lásán lẹ fi ń yí i, apá ò ní kúrò nílẹ̀. Márùn-ún ni jíà ẹ̀, rìfáàsì wà nísàlẹ̀ ìkarùn-ún.

Ibi tí bàbá ti já fáfá ni kílọ́ọ̀ṣì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ kan iná rárá. Á gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, á ní kí ẹ ki jíà kìíní, kí ẹ wá máa gbé kílọ́ọ̀ṣì sókè. "Doucement, ẹ rọra, ìyá. Ẹ má tíì wo iwájú, abẹ́rẹ́ yẹn ni kí ẹ wò." Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹńjìnnì ṣe ń yí ni. Tí ọkọ̀ bá wà ní fírì, nǹkan bíi ìyípo 850 ní ìṣẹ́jú kan ló máa ń dúró sí. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti fẹ́ mú, ẹ ó rí i tí abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ohùn ẹńjìnnì á wúwo, ìjókòó á gbọ̀n lábẹ́ yín. Ibẹ̀ ló ń wá. Á ní kí ẹ dá ẹsẹ̀ dúró síbẹ̀. Ọkọ̀ á yí fúnra ẹ̀, wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ẹnìkan rọra tì í. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ tún un ṣe. Orúnkún òsì yín á sọ̀rọ̀ lálẹ́.

Ògbólógbòó kílọ́ọ̀ṣì pílétì kan wà nínú bùútù ẹ̀. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú gbogbo eruku dúdú ara ẹ̀, ó sì ní kí n fi ìka tọ́ ọ. Ibi tó yẹ kó nípọn ti jẹ wọnú títí ó fi dé orí àwọn ìṣó tó dè é. Irin tí ẹńjìnnì ń yí wà lápá kan, irin tó ń fún un mọ́ra wà lápá kejì, òun wà láàárín. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ sinmi lórí kílọ́ọ̀ṣì láti Ouando dé afárá, òun ló ń jẹ pílétì ara ẹ̀ lọ yẹn. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá wọ takisí, mo máa ń wo ẹsẹ̀ awakọ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi dísẹ́ẹ̀lì kọ́ mi, nígbà tó jẹ́ òun ni mo fẹ́ rà. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: agbára ẹ̀ ti wà nísàlẹ̀, èèyàn lè gbé kílọ́ọ̀ṣì láìtẹná kó ṣì lọ. Bẹntiróò kékeré yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ já a sílẹ̀, ó kú. Ẹ tẹná jù, ó ké, gbogbo onízémidjan (ọlọ́kadà) tó wà nítòsí á sì yíjú wò yín. Nígbà tí mo wá wọ HiAce náà láti dán an wò, ó gbéra láìjanpata. Jíà ẹ̀ tó gùn lọ́pàá nìkan ló kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì.

Ní ti gígun òkè, ọ̀nà tó ń ti ẹ̀bá ọ̀sà wọ ìlú ló máa ń mú èèyàn lọ. Ọkọ̀ yìí ò ní bíréèkì ti olùkọ́ bíi ti auto-école, ọwọ́ bàbá ni ẹ ó máa rí lórí bíréèkì ọwọ́. Èmi fara mọ́ ọn, nítorí ibi tó tẹ́jú ló ti jẹ́ kó mọ́ wa lára. Ẹni tí àyà ẹ̀ ń já lè má fẹ́ ẹ.

Àléébù ẹ̀ ò kéré o. Ilẹ̀ ni ọkọ̀ náà fi ara lé. Gbogbo dos d'âne (òkìtì tí wọ́n fi ń dín eré kù lójú títì) tó ga díẹ̀ ló ń ha á nínú, bẹ́ ẹ bá sì wà lẹ́yìn tírélà, táyà nìkan lẹ ó máa wò. Bàbá ò gbọdọ̀ gbọ́ kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, sétí, ibùdó epo ló ti ń rà. (Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, kpayo náà ò kúkú pọ́ọ́kú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.) Òróró ló ń ti kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀, sílíńdà kékeré tó wà nísàlẹ̀ sì máa ń jò nínú MX-5 àtijọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa: mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó lọ sílẹ̀ pátápátá, kò padà wá. Kò dá owó mi padà. Ó ní kí n padà wá tóun bá ti tún un ṣe. Ó mú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣẹ, àmọ́ ó yẹ kó bi mí bóyá mo fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un nínú márùn-ún. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ má wọ ìró. Ẹ má mú ọjọ́ ọjà Ouando, ẹ ò ní kúrò ní jíà kìíní. Ẹ sì pè é kí ẹ tó kúrò nílé tí ojú ọ̀run bá ṣú, torí orí aláṣọ ọkọ̀ yẹn ń jò, ìjókòó akẹ́kọ̀ọ́ sì ni omi ẹ̀ ń kán sí.