Ẹ ṣọ́ra o: ọ̀nà etí òkun wà lóòótọ́, ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún wa ni kò sí

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ̀yin ará Ọ̀fà, Àjàṣẹ́ àti Òmù-Àrán, mo bẹ̀ yín, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀ etí òkun. Ọkùnrin tó gbowó ilẹ̀ etí òkun lọ́wọ́ wa ti kó ọ́fíìsì rẹ̀ kúrò ní òpópónà Táíwò ní Ìlọrin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ọ̀fà pé àwọn kan ń pín ìwé ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú nítòsí garéèjì. Mo ní kó fi fídíò tí wọ́n ń fi hàn wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Fídíò tí wọ́n fi hàn àwa náà ni. Ohùn kan náà ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí, torí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà mú wa, màá tú u síta.

Aṣọ ni mo ń rán. Àwa mẹ́rìnlá la jọ ń dá àjọ, ọdún kẹfà rèé, obìnrin sì pọ̀ jù nínú wa. A ti fẹnu kò pé owó tá a bá kó lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ la máa fi rà, kálukú pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà Àjàṣẹ́ la ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkùnrin yìí wọ ṣọ́ọ̀bù mi. "Àlàájà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó lóun fẹ́ rán bùbá àti ṣòkòtò. Ibi tí mo ti ń fi téèpù wọn apá rẹ̀ ló ti fi ọwọ́ kejì yọ fóònù, tó gbé e síwájú mi. Ọ̀nà kan funfun báláú, ó lọ títí ojú ò rí òpin rẹ̀, òkun wà lápá ọ̀tún, ìgbì ń ru. Ó ní, "Àlàájà, ẹ wo ọ̀nà yìí dáadáa. Ibi tí ọ̀nà bá dé, ṣé owó ilẹ̀ ibẹ̀ tún máa ń wálẹ̀ ni? Àwọn tó ra Lẹ́kí nígbà tó ṣì jẹ́ igbó, ibo ni wọ́n wà lónìí?"

Ohun tó sọ nípa ọ̀nà yẹn kì í ṣe irọ́, òun ló jẹ́ kó rí wa mú. Ọ̀nà etí òkun tó ń ti Èkó lọ sí Calabar wà. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 700. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Apá àkọ́kọ́ gbéra ní Ahmadu Bello Way ní Victoria Island, ó sì ń lọ sí Ẹlẹ́kọ, kìlómítà 47 lé díẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu ṣí kìlómítà 30 nínú rẹ̀. Kọnkéré ni wọ́n dà sí i, kì í ṣe ọ̀dà. Kí ọ̀nà yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣí èbúté Lẹ́kí àti iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, lọ́dún 2023 àwọn méjèèjì. Abúlé tó jẹ́ pé ẹja àti àgbọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, ibẹ̀ náà ni àwọn olówó ń jà sí báyìí. Gbogbo èyí lẹ lè fojú ara yín rí. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ òótọ́ mẹ́wàá fún yín tẹ̀léra, ẹ ò ní yẹ ìkọkànlá wò.

Wọ́n gbé wa lọ wo ilẹ̀ náà. Ọ̀fẹ́ ni. Aago mẹ́rin ìdájí ni bọ́ọ̀sì gbéra ní Gérí Àlímì, a gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, a já sí Ìjẹ̀bú-Òde, a gba Ẹ̀pẹ́ bọ́ sí Ẹlẹ́kọ. Wọ́n fún wa ní ìrẹsì àti ẹ̀wù pupa tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí. Orí ọ̀nà tuntun yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ dúró. Ọkùnrin yìí bọ́ bàtà, ó fi gìgísẹ̀ gbá kọnkéré. "Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́." A bọ́ bàtà, a tẹ̀ ẹ́. Oòrùn ti mú un gbóná, a sì ń rẹ́rìn-ín, a ń ya fọ́tò. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ọ̀nà náà, ọkàn rẹ̀ ti gbà á pé òun ti tẹ ilẹ̀ òun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́ọ̀sì yà wọ ojú iyanrìn. Wọ́n ti sán ibì kan, wọ́n ri igi mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn. Òkúta sọ́fè kan ṣoṣo ni mo rí níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, mo fi èékánná ha á, sìmẹ́ńtì rẹ̀ bó sí mi lọ́wọ́. Kò tíì gbẹ. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó nísàlẹ̀ igi àgbọn, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ẹ̀wù pupa ọrùn mi, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ní kí ẹ wá ra ibí? Bọ́ọ̀sì kẹta rèé lóṣù yìí." Kí n tó béèrè ọ̀rọ̀ kejì, wọ́n ti ń pariwo pé ká wọkọ̀, ọ̀nà jìn. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ń dùn mí títí di òní, torí mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́.

₦1,300,000 ni wọ́n dá pulọ́ọ̀tì kan. Ìdajì la kọ́kọ́ san, ₦650,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦9,100,000 lápapọ̀. Àkáǹtì tí wọ́n ní ká san án sí, orúkọ ènìyàn ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́. Nígbà tá a bi wọ́n, wọ́n ní báńkì ń tún ti iléeṣẹ́ ṣe. Wọ́n fún wa ní rìsíìtì àti ìwé sọ́fè tó rẹwà, tí wọ́n fi ìlà pupa yí ilẹ̀ ká.

Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé Ìkẹjà ló bá wa gbé ìwé yẹn dé ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìwé sọ́fè tòótọ́ ló ní nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ ayé. Sọfíyọ̀ tó bá wọn ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, red copy ni wọ́n ń pè é. Tiwa ò sí níbẹ̀. Wọ́n wá fi nọ́ńbà inú ìwé náà wá ibi tó bọ́ sí lórí máàpù. Kò tilẹ̀ bọ́ sí ibi tí wọ́n ri igi mọ́, àárín ọ̀nà ló bọ́ sí. Kọnkéré tí wọ́n ní ká bọ́ bàtà tẹ̀, òun ni wọ́n tà fún wa.

Ọ̀kan nínú wa sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ló yọ síbẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà, ìjọba á san owó gbà-má-bínú. Ẹ má gbára lé e. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 wà níbẹ̀: bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ilé tẹ́ ẹ kọ́ àti ohun tẹ́ ẹ gbìn ló máa sanwó fún. Ilẹ̀ lásán, tí ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan sórí rẹ̀, owó ìṣákọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ san fún ìjọba lọ́dún yẹn nìkan lẹ máa rí gbà padà. Bẹ́ẹ̀, pulọ́ọ̀tì òfìfo ni gbogbo wọn ń tà. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde tún ti sọ pé mítà 250 láti etí òkun wọ inú jẹ́ tàwọn. Gbogbo Nàìjíríà ló sì rí i lọ́dún 2024 bí wọ́n ṣe wó ibi ìgbafẹ́ àti ìtajà etí òkun ní Victoria Island kí ọ̀nà lè rí ibi gbà.

Ti Ọ̀fà tún burú ju tiwa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ti fi Èkó sílẹ̀, Ìlàjẹ ní Oǹdó ni wọ́n ń tà báyìí, wọ́n ní ọ̀nà ń bọ̀ níbẹ̀ àti pé owó rẹ̀ ò tíì gbéra. Lóòótọ́ ni pé Oǹdó wà lára ibi tí ọ̀nà náà máa gbà. Àmọ́ ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Àyétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947 ní etí òkun Ìlàjẹ. Òkun ti gbé ilé lọ níbẹ̀, ó gbé òpópónà lọ, ó ṣì ń gbé e lọ di báyìí. Àwa tí odò Àsà ni omi ńlá lójú wa, kò sẹ́ni tó kọ́ wa pé ilẹ̀ tí ènìyàn rà lè dòkun.

Nítorí náà, ìwé sọ́fè ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, ẹ̀dà tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn ketekete, kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì ẹnikẹ́ni. Sọfíyọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín wá ni kó gbé e lọ Aláùsá, tàbí Àkúrẹ́ tó bá jẹ́ ti Oǹdó. Tí wọ́n bá kọ̀, tí wọ́n ní ẹ san díẹ̀ ná kí ẹ tó rí i, ẹ dìde níbẹ̀. Wọ́n á máa sọ fún yín pé "excision ń lọ lọ́wọ́". Excision ni pé ìjọba yọ díẹ̀ padà fún ẹbí tó ni abúlé, nínú ilẹ̀ tó ti gbà. Bí kò bá tíì jáde, kó sì wà nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, ilẹ̀ ìjọba ló ṣì jẹ́. Wọ́n á tún fi ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́, hàn yín. Ti àwọn tó gba tiwa jẹ́ ojúlówó, àbúrò ọkọ mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ìwé yẹn sọ kò ju pé iléeṣẹ́ wà, kò sọ pé iléeṣẹ́ ní ilẹ̀. Bí ẹ bá lágbára ẹ̀, ẹ dá lọ sí abúlé náà lọ́jọ́ tí wọn ò mú yín lọ, ẹ kí Baálẹ̀, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀ tán.

Sátidé yìí ni mo gbọ́ pé bọ́ọ̀sì Ọ̀fà máa gbéra. Ẹ̀gbọ́n mi ti ka orúkọ ẹni mẹ́sàn-án tó ti fi owó sílẹ̀ sí mi létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá ibẹ̀, ẹ bá mi wá àwọn yòókù kó tó di àárọ̀ Sátidé. Ẹni tó bá sì ti sanwó, kó má ya rìsíìtì rẹ̀, kó tọ́jú nọ́ńbà àkáǹtì tó san án sí, kó wá bá wa ká jọ kó o lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan náà.