Ẹ Ṣọ́ra fún Àwọn Tó Ń Ta "Sẹ́ẹ̀tì Ìtọ́jú Ajá" Lórí WhatsApp àti Instagram

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń sin ajá, pàápàá ẹ̀yin tí ajá yín jẹ́ onírun kúkúrú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń polówó "sẹ́ẹ̀tì ìtọ́jú ajá" káàkiri Èkó àti Ìbàdàn: òòyà onírin tó ń fa irun, kílípà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń gé èékánná, pẹ̀lú ìgò oògùn eégbọn kan tí wọ́n ní ẹ̀bùn ni. ₦18,500 ni àbúrò mi obìnrin san. Ajá Boxer ló ń sìn. Nígbà tí ẹrù dé, kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tó yẹ kó kan ara ajá.

Òòyà onírin yẹn ni wọ́n fi ń fa ojú èèyàn mọ́ra, torí FURminator, orúkọ irú òòyà ajá kan láti òkèèrè, ni wọ́n kọ sí i lára. Ojúlówó FURminator wà o, ó sì wúlò fún ajá tí irun rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì, ti òkè tó le díẹ̀ àti ti abẹ́ tó rí múlọ́múlọ́, irú èyí tí German Shepherd, Labrador àti Rottweiler ní. Irun abẹ́ tó ti kú ló ń fà jáde. Boxer àti Pitbull kò ní irun abẹ́ yẹn rárá. Ẹni tó bá ń fi eyín irin wọ́ wọn lẹ́yìn, awọ ara wọn ló ń họ. Ẹni tó ta ọjà yìí kò sì béèrè irú ajá tí àbúrò mi ní títí tó fi gbowó. Ẹ fi ìyẹn ṣe àmì àkọ́kọ́.

Ti ayédèrú tún wá burú jù. Mo gbé e sójú oòrùn, mo fi àtàǹpàkò tọ́ eyín rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn kan gùn, àwọn kan kúrú, etí wọn sì mú bí ẹnu agolo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Bọ́tìnnì tó yẹ kó máa ti irun tó há sí eyín dànù kò tiẹ̀ gbéra. "Long Hair" ni wọ́n kọ sí i, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣe ojúlówó ya ti irun kúkúrú sọ́tọ̀, fún irun tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ara páálí kún fún àṣìkọ. Nígbà tí mo máa fi rí ajá náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí eegun ti sún mọ́ awọ, ó sì ń lá ojú ibẹ̀ ṣáá. Ẹ ro iye owó yẹn náà wò: ẹyọ ojúlówó kan ju dọ́là 20 lọ ní Amẹ́ríkà kó tó wọ ọkọ̀ òkun rárá. Báwo ni òun àti kílípà àti gbogbo ìyókù ṣe máa jẹ́ ₦18,500?

Kílípà yẹn, ti onígbàjámọ̀ ni, wọ́n kàn tún un dì sínú páálí tó ní àwòrán ajá ni. Wọ́n á ní ooru ilẹ̀ wa ló fà á tó fi yẹ kí ẹ fá irun ajá yín. Irọ́ ni. Irun kúkúrú yẹn ló ń gba awọ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn.

Ìgò "ẹ̀bùn" yẹn ló bà mí lẹ́rù jù lọ. Kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà NAFDAC, òórùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti dichlorvos, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Sniper tàbí òtapiapia. Oògùn apakòkòrò ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi pa ajá lára. Ó ń gba awọ wọlé, ajá á sì tún fi ahọ́n lá èyí tó kù. Ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ tó jẹ́ mílílítà 100. Tí ẹ bá ti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa ajá lára, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó ń bì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí èémí rẹ̀ ń há, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ kíákíá, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà dání. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró wò ó bóyá á lọ fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò yí padà: owó ni kí ẹ kọ́kọ́ san, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì yàtọ̀ sí orúkọ ilé ìtajà, ẹnikẹ́ni kò sì lè kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán wọn. Mo fi Google Lens wá àwòrán tí wọ́n ń lò, lórí ìkànnì àwọn ará Ṣáínà ni mo ti bá a. Nígbà tí àbúrò mi pè láti dá ẹrù padà, wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n lò ni. Kó tó fèsì, wọ́n ti bulọ́ọ̀kì rẹ̀. Kí ẹ tó rà, ẹ ní kí wọ́n ya fídíò ọjà náà pẹ̀lú ọjọ́ òní lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì san owó nígbà tí ẹrù bá dé ọwọ́ yín. Oníjìbìtì kì í gba ìyẹn.

Ohun tí ajá onírun kúkúrú nílò kò pọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà tí eyín rẹ̀ nípọn tó sì rọ̀, tí ẹ ó máa fi pa á lára róbótó-róbótó kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ láti fi gbá èyí tó ti re kúrò. Aṣọ tútù díẹ̀ láti fi nù ún. Ó tán. Ẹ tẹ rọ́bà náà mọ́ inú apá tiyín kí ẹ tó rà á. Tó bá gún yín, ó máa gún ajá. Ní ti eégbọn, ọwọ́ dókítà ẹranko ni kí ẹ ti gba oògùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó, ẹ pe báńkì yín lónìí kí wọ́n tètè kàn sí báńkì ẹni tó gbowó kí owó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tàbí LASCOPA, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí ẹ bá wà ní Èkó. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe mu padà. Ẹ tọ́jú páálí, rìsíìtì tiransífà àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wọn sọ lórí WhatsApp, torí wọ́n máa béèrè wọn. Ìgò yẹn náà, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.